Ẹ̀fọ̀n sí Lọ́ńdọ̀nù: Báwo ni Ọ̀nà Náà Ti Jìn Tó?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ayé òde òní. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹlòmíràn sì ń kẹ́dùn pé ibẹ̀ jìnnà, kíákíá ni wọn yóò dá a lóhùn pé kò jìn mọ́, pé ìrìn wákàtí mẹ́fà péré ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ní òtítọ́ nínú. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí kò pé a máa ṣi ènìyàn lọ́nà ju irọ́ gbangba lọ, nítorí pé irọ́ gbangba kì í pẹ́ kí àṣírí rẹ̀ tó tú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ti jìn tó kò gbọdọ̀ wo ojú òfurufú nìkan. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹni tí ń lọ ni ó yẹ kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ẹni tí ó ń lọ bá ni ó sì yẹ kí ó parí sí.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ní máìlì, wọn kò sì ní kìlómítà, síbẹ̀ wọn kì í ṣi ọ̀nà wọ̀n. Ìrìn ẹsẹ̀ ni òṣùwọ̀n wọn. Wọn a ní ìlú kan jẹ́ ìrìn òwúrọ̀ sí ìyálẹ̀ta, òmíràn jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan, òmíràn jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta fún ẹni tí ó ru ẹrù. Bí òkè bá wà lójú ọ̀nà, wọn a ka òkè mọ́ ọn. Bí odò tí í kún ní ìgbà òjò bá dá ọ̀nà náà, wọn a bu ọjọ́ kan lé e. Ẹni tí ó bá mọ Ẹ̀fọ̀n yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Ìlú tí òkè yí ká ni. Ibi tí ẹyẹ yóò fò dé ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ lè fi odidi àárọ̀ kan pọ́nkè kí ó tó débẹ̀. Ní àkókò ogun Kírìjì, láti ọdún 1877 títí di ọdún 1886, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí wọ́n wà ní Èkó a máa fi ìbọn àti ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn lójú ogun. Kò sí ẹni tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ òjíṣẹ́ pé máìlì mélòó ni ó rìn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ mọ̀ ni ọjọ́ tí yóò dé. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé ìrànlọ́wọ́ tí kò dé lásìkò kò yàtọ̀ sí èyí tí kò wá rárá.

Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà bẹ̀rẹ̀ sí í gun àwọn òkè Èkìtì. Ilẹ̀ kò sún, òkè kò sì wó, ṣùgbọ́n Èkó súnmọ́ tòsí. Ohun tí ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ènìyàn lè ṣe láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ti ojú òkun yàtọ̀. Ní ọdún 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn kan lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Èkìtì, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Àwọn Òyìnbó fi ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà kò sì padà sí Ìkẹ́rẹ́ mọ́. Ó wà ní British Museum títí di òní. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó wà fún irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì pẹ̀lú, ọkọ̀ ńláńlá bí Accra àti Apapa, àti Aureol tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, ni ó ń gbé àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sí Liverpool. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni wọ́n ń lò lójú omi, wọn a sì yà ní àwọn ìlú bíi Takoradi, Freetown àti Las Palmas. Ìyá tí ó bá sin ọmọ rẹ̀ dé èbúté Àpápá mọ̀ dájú pé ọmọ òun ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kò sí ẹni tí ó tàn án jẹ. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ yóò kọjá kí lẹ́tà kan tó dé, àti pé ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí òun tó fi ojú kan ọmọ náà. Ó gbàdúrà, ó sì múra sílẹ̀ ní ọkàn rẹ̀. Ní ọdún 1974 ni Aureol ṣíwọ́ iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọkọ̀ òfurufú ti gba àwọn èrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyípadà náà kò dé lójijì. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth kejì wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1956, ó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní, ó fi gbogbo òru rìn, ó sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọjọ́ 28. Ọkọ̀ tí ó wọ̀ jẹ́ irú èyí tí abẹ̀bẹ̀ ń fà, kì í yára bí ti òde òní. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1964, irú ọkọ̀ òfurufú tuntun kan tí a ń pè ní VC10 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ìrìnàjò kìn-ín-ní tí ó fi gbé èrò tí ó sanwó, láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni. Láti ìgbà náà ni ìrìn wákàtí mẹ́fà sí méje ti di ohun tí ó mọ́ àwọn arìnrìnàjò lára. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé láti ọdún 1964 títí di ìsinsìnyí, àkókò tí ọkọ̀ òfurufú ń lò láàárín ìlú méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Bí ìrìnàjò ọmọ Ẹ̀fọ̀n bá ti gùn sí i tàbí tí ó ti kúrú sí i láti ìgbà náà, kì í ṣe ojú òfurufú ni ohun tí ó fà á wà.

Ìṣirò ojú òfurufú kò le. Bí ọmọ ilé-ìwé bá mú àwòrán ayé tí ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, tí ó fi òwú so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì fà á kí ó le dáadáa, òwú náà yóò lọ sí ìhà àríwá tààrà. Yóò kọjá lórí aṣálẹ̀ Sàhárà, yóò kọjá lórí Òkun Mediterranean àti ilẹ̀ Faransé, kí ó tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láàárín ìlú méjì ni èyí. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 5,000, èyí tí í ṣe nǹkan bíi máìlì 3,100. Ọkọ̀ òfurufú òde òní a máa sáré tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Bí a bá pín 5,000 sí ọ̀nà 900, wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ni yóò wá. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni ọkọ̀ náà ń lò. Níbo ni wákàtí kan tí ó kù gbà lọ? Ọkọ̀ òfurufú kì í fi gbogbo ara sáré nígbà tí ó ń gòkè àti nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kì í sì í tọ ojú òwú gan-an. Ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún un ní òfurufú ni ó ń tọ̀. Bí ó bá sì dé òkè Lọ́ńdọ̀nù, tí ọkọ̀ mìíràn ti wà níwájú, yóò máa yípo títí a ó fi fún un ní àyè láti balẹ̀. Àní ní òfurufú pàápàá, ìṣirò orí ìwé yàtọ̀ sí ìrìn gidi.

Aago pẹ̀lú lè tan ènìyàn jẹ. Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti àríwá sí gúúsù, nítorí náà aago wọn kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn Òyìnbó, ọ̀kan náà ni. Ní ìgbà òtútù wọn, wákàtí kan ni Èkó fi ṣíwájú. Ti New York kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tó kìlómítà 8,400 sí Èkó, ìhà ìwọ̀-oòrùn ni ó sì wà. Bí ọkọ̀ kan bá gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá alẹ́ ní oṣù kẹjọ, tí ó sì fi wákàtí mọ́kànlá fò, aago márùn-ún òwúrọ̀ ni yóò bá ní New York, nítorí pé wákàtí márùn-ún ni Èkó fi ṣíwájú ìlú náà ní àkókò yẹn. Ẹni tí ó bá wo ojú aago nìkan yóò rò pé wákàtí mẹ́fà péré ni òun lò. Ara rẹ̀ ni yóò sọ òtítọ́ fún un. Ẹ̀fúùfù tí í fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lórí òkun ńlá náà pẹ̀lú a máa dá ọkọ̀ dúró díẹ̀ ní àlọ, a sì máa tì í lẹ́yìn ní àbọ̀. Ọ̀nà kan náà ni, síbẹ̀ àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba.

Nísinsìnyí, ó tó àkókò láti padà sí Ẹ̀fọ̀n. Láti Ẹ̀fọ̀n sí Èkó, bí ènìyàn bá gba Iléṣà, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 300 lọ. Èyí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí ojú ọ̀nà bá dán, tí kò sì sí ìdíwọ́, wákàtí márùn-ún tó láti rìn ín. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní sí ìdíwọ́? Kòtò lè wà, ọkọ̀ akẹ́rù lè dojú dé sí àárín ọ̀nà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì lè mú ènìyàn ní ẹnubodè Èkó. Wákàtí márùn-ún lè di mẹ́jọ, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà ni ẹni tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ fi ń kúrò ní Ẹ̀fọ̀n ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Bí ó bá lo wákàtí mẹ́jọ lójú ọ̀nà, yóò dé Èkó ní aago méjì ọ̀sán. Yóò wá ibi jókòó sí fún wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀. Ní aago méje ààbọ̀, yóò wọ inú pápá ọkọ̀ òfurufú, nítorí pé wọ́n ti sọ fún un kí ó dé ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ní òfurufú, yóò balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago márùn-ún òwúrọ̀. Yóò tò lẹ́yìn àwọn èrò kí wọ́n tó yẹ ìwé rẹ̀ wò, yóò sì dúró de ẹrù rẹ̀. Wákàtí méjì lọ níbẹ̀. Yóò wọ ọkọ̀ ojú irin fún wákàtí kan kí ó tó kan ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wákàtí 26 ni. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin péré. Ilẹ̀ ni ó jẹ ìdá mẹ́ta tí ó kù.

Síbẹ̀, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti pé ni ìṣirò yìí wà fún. Ẹni tí kò ní ìwé ìrìnnà, tàbí tí ó ń dúró de físà, kò lè ka wákàtí rárá; ọ̀sẹ̀ ni yóò kà, nígbà mìíràn oṣù. Bí wọn kò bá sì fún un, Lọ́ńdọ̀nù jìnnà sí i ju bí ó ti jìnnà sí baba rẹ̀ àgbà lọ, ẹni tí ó lè sanwó ọkọ̀ ní Àpápá. Owó tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú jẹ́ apá kan nínú gígùn ọ̀nà. Àgbẹ̀ tí yóò kó èrè oko ọdún púpọ̀ jọ kí ó tó lè san án mọ̀ pé ìrìn ọdún púpọ̀ ni òun rìn, kì í ṣe ìrìn wákàtí mẹ́fà.

Kì í ṣe eré ni ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ó gba ìrọ̀rùn ọ̀nà òfurufú gbọ́ ni ó sábà máa ń kábàámọ̀. Ọmọ tí ó wà ní òkè òkun gbọ́ pé ara ìyá òun kò yá. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé kò sí ohun tí ó le, pé bí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú, òun yóò wọ ọkọ̀ lónìí, òun yóò sì délé lónìí. Ó sún un di ọdún Kérésìmesì, ó tún sún un di ọdún Àjíǹde. Nígbà tí ìpè kánjúkánjú dé lóòótọ́, ó wá rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ti tán, pé ọyẹ́ kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra lásìkò, àti pé ilẹ̀ ti ṣú kí òun tó dé Èkó. Bí ìdílé rẹ̀ bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, kò sí bí wákàtí 26 ṣe lè bá ìsìnkú náà. Bí wọ́n bá jẹ́ Kristẹni, wọn a tọ́jú òkú dè é, ṣùgbọ́n òkú tí a tọ́jú deni kì í dáni lóhùn. Àwọn tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìgbà àtijọ́ mọ̀ pé ọ̀nà jìn, nítorí náà wọ́n dágbére dáadáa. Àwọn ti òde òní rò pé ọ̀nà kò jìn, wọn kì í sì í dágbére tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti bo gbogbo àléébù wọ̀nyí mọ́lẹ̀, nítorí pé ìyá lè rí ojú ọmọ rẹ̀ nínú fóònù lójoojúmọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù a máa gbé ohùn àti àwòrán. Kì í gbé ọwọ́ tí yóò bu omi fún aláìsàn. Àwọn mìíràn yóò sọ pé pápá ọkọ̀ òfurufú wà ní Àkúrẹ́, àti pé ìjọba Èkìtì ti kọ́ òmíràn sí Adó-Èkìtì, níbi tí ọkọ̀ òfurufú ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní ọdún 2022. Èyí pẹ̀lú dára. Àmọ́ ẹni tí ó ń gbé ní Ẹ̀fọ̀n, ní Arámọ̀kọ tàbí ní Ìjerò yóò ṣì gba ojú títì kí ó tó dé Adó tàbí Àkúrẹ́. Kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú tí ó lè rọ́pò ọ̀nà ilẹ̀.

Ibi tí ìṣòro wà ni ó yẹ kí a wá àtúnṣe sí. Láàárín ọdún 1976 àti ọdún 2003, ọkọ̀ òfurufú kan tí a ń pè ní Concorde ń gbé èrò, eré rẹ̀ sì ju kìlómítà 2,000 lọ ní wákàtí kan. Ká ní irú rẹ̀ ń ná Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bóyá wákàtí mẹ́ta ni ìbá dín kù nínú wákàtí 26 yẹn. Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sí Èkó dára, tí ó sì ṣeé fọkàn tán, ìrìn wákàtí márùn-ún ni yóò jẹ́, arìnrìnàjò kì yóò sì ní ìdí láti ti òwúrọ̀ kùtùkùtù gbéra. Yóò kúrò nílé ní aago méjì ọ̀sán, yóò dé Èkó ní aago méje, ìdajì wákàtí yóò sì kù fún un kí ó tó wọ pápá ọkọ̀ òfurufú. Wákàtí mẹ́jọ ni yóò jẹ́ èrè rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ yìí pọ̀ ju gbogbo àkókò tí ọkọ̀ fi ń fò láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ! Ọ̀nà tí ó dára láti Ẹ̀fọ̀n sí Èkó yóò mú Lọ́ńdọ̀nù súnmọ́ Ẹ̀fọ̀n ju ọkọ̀ òfurufú tí ó yára jù lọ láyé. Òun náà ni yóò sì gbé iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó dé ọjà kí wọ́n tó bàjẹ́, tí yóò gbé aboyún dé ilé ìwòsàn, tí yóò sì ṣe àǹfààní fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò ní wọ ọkọ̀ òfurufú títí ayé wọn.

Nítorí náà, kò yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òfurufú nìkan wọn ọ̀nà fún wọn. Kí wọ́n máa ka òkè àti kòtò mọ́ ọn, kí wọ́n ka ìdúró àti ìwé mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti ń ka odò tí ó kún. Àwọn tí ó sì ti lọ, kí wọ́n má ṣe fi ìyára ọkọ̀ ṣe àwáwí láti máa sún ọjọ́ àbọ̀ síwájú. Ilẹ̀kùn Ògògà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1924, kò bọ̀ mọ́. Igi ni, kò lè mọ ọ̀nà ilé. Ènìyàn kì í ṣe igi. Àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò relé lásìkò gbọdọ̀ ti mọ bí ilé ti jìn tó.